Ìtàn Pẹnisilíìnì: Láti Oògùn Tí Kò Tó sí Oògùn Tí Kò Ṣiṣẹ́ Mọ́

Kí pẹnisilíìnì tó dé, ọgbẹ́ kékeré lè pa àgbàlagbà. Ẹni tí ẹ̀gún gún, ẹni tí abẹ gé, abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bí kòkòrò àrùn bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ìwọ̀nba ni ohun tí dókítà lè ṣe. Lónìí, a ń rí kápúsù tó lè gba irú àwọn bẹ́ẹ̀ là rà ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò. Báwo ni a ṣe rí oògùn yìí, kí ló sì dé tí agbára rẹ̀ fi ń dín kù?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1928, Alexander Fleming, dókítà ọmọ ilẹ̀ Scotland, ti ìsinmi dé sí yàrá ìwádìí rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó rí i pé ohun kan ti hù sínú àwo tó ti ń sin bakitéríà, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu. Gbogbo bakitéríà tó wà nítòsí ohun náà ló ti kú. Fleming pe oje tó ń pa wọ́n ní pẹnisilíìnì, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1929, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà láti fa ojúlówó oje náà jáde.

Àwọn tó ṣe èyí ni Howard Florey, Ernst Chain àti Norman Heatley ní Yunifásítì Oxford. Ní oṣù Karùn-ún 1940, wọ́n fi kòkòrò àrùn sí ara eku mẹ́jọ. Mẹ́rin tó gba pẹnisilíìnì yè. Mẹ́rin tí kò gbà á kú. Ní oṣù Kejì 1941, wọ́n fún ọlọ́pàá kan, Albert Alexander, tí àrùn ti ba ojú àti ara rẹ̀ jẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ibà rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò tó. Wọ́n tilẹ̀ ń gba ìtọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè yọ pẹnisilíìnì inú rẹ̀ lò lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí oògùn tán pátápátá, àrùn padà, ọlọ́pàá náà sì kú ní oṣù Kẹta.

Nítorí ogun, Florey àti Heatley gbé iṣẹ́ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ìlú Peoria, àwọn onímọ̀ rí irú èyí tó ń mú oje púpọ̀ jáde lára èso mẹ́lọ́nì kan tó ti bu. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Normandy ní oṣù Kẹfà 1944, pẹnisilíìnì ti pọ̀ tó láti tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́.

Síbẹ̀, àmì ewu ti yọ. Ní 1940, Edward Abraham àti Chain ti rí i pé àwọn bakitéríà kan ní èròjà tó ń ba pẹnisilíìnì jẹ́. Nígbà tí Fleming, Florey àti Chain gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945, Fleming kìlọ̀ pé ẹni tó bá lo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó yóò kàn kọ́ kòkòrò àrùn bí yóò ṣe máa yè é ni, ó sì lè kó kòkòrò náà ran aya rẹ̀, kí oògùn má sì ràn án lọ́wọ́ mọ́. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣẹ. Ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Mary Barber rí i pé láàárín 1946 sí 1948, bakitéríà staphylococcus tí pẹnisilíìnì kò rí pa ti fò láti ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 59. Wọ́n ṣe oògùn tuntun, methicillin. Nígbà tó fi di 1961, bakitéríà tó borí òun náà ti jáde.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó yé. Oògùn a pa àwọn bakitéríà tó rọ̀. Èyí tó le a ṣẹ́ kù, a sì bí ọmọ bíi tirẹ̀. Ẹni tó ṣá ejò lọ́gbẹ́ tí kò pa á ti kọ́ ejò lọ́gbọ́n.

Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn The Lancet gbé jáde ní 2022 fojú bù ú pé ní 2019, irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn bíi mílíọ̀nù 1.27 lágbàáyé. Bí a bá wo iye olùgbé, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ikú náà ti pọ̀ jù. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Ọ̀fìnkìn àti ọ̀pọ̀ ikọ́ jẹ́ iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì, pẹnisilíìnì kò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, a ń rà á fún wọn láìṣe àyẹ̀wò, a ń pín èyí tó ṣẹ́ kù fún aládùúgbò, àwọn kan sì ń pò ó mọ́ oúnjẹ adìẹ kó lè tètè tóbi.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ọmọ wò kí ẹ tó ra kápúsù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ wa ní ìmọ́tótó àti àǹfààní abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí àrùn tí kò wọlé kò béèrè oògùn. Àwa akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lo oògùn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún wa. Ohun tí a bá ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Albert Alexander kú nítorí pé oògùn tán. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tiwa kú níbi tí oògùn ti kún àwo, tí kò sì ṣiṣẹ́.