Sólẹ́nọ́ìdì Méjì, Jíà Mẹ́rin

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mẹkáníìkì fi ń ba ọjọ́ onímọ́tò jẹ́: "Jíà ti lọ." Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ohun tó kàn ni kí ẹ gba Ládípọ̀ ní Múṣìn lọ, kí ẹ ra odindi jíà Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, kí wọ́n sọ ti àkọ́kọ́ kalẹ̀, kí wọ́n sì gbé èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ irú ìyà tó ti jẹ lókè òkun wọlé. Nígbà mìíràn òótọ́ ni, jíà ti lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tó kú nínú rẹ̀ ò ju àtàǹpàkò lọ: wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé yí ọ̀pá oníhò kan ká, sólẹ́nọ́ìdì lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ní sípánà, téstà àti sùúrù lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé láàárín ọjọ́ kan.

Àwa tí à ń fi kóòdù jẹun fẹ́ràn kíní yìí ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má bínú sí wa. Ibẹ̀ gan-an ni kóòdù ti ń di iṣẹ́ ọwọ́: ohun tó jẹ́ 1 àti 0 nínú kọ̀ǹpútà ń di ọ́ìlì tó ń ti irin. Bí sólẹ́nọ́ìdì ṣe débẹ̀ la fẹ́ sọ, torí ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn ò ní tètè gbà pé odindi jíà ló kú.

Láyé àtijọ́, awakọ̀ ló ń pinnu. Ẹni tó bá ti wa 504 rí mọ̀ ọ́n: etí ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ òsì ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ń yí jíà. Orí awakọ̀ ni kọ̀ǹpútà. Ní 1904 àwọn Sturtevant, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Boston, gbìyànjú láti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ awakọ̀. Wọ́n lo irin wúwo tó ń fẹ̀ síta bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i, àmọ́ irin ìgbà náà ò lè gba wàhálà yẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Hermann Föttinger, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Jámánì, gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n mìíràn. Ẹ gbé fáànù méjì kojú ara wọn, ẹ tan ọ̀kan. Atẹ́gùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí èkejì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Ẹ wá fi omi tàbí ọ́ìlì dípò atẹ́gùn, ẹ ti rí ohun tí Föttinger rí: ẹ́ńjìnnì lè máa yí kí táyà dúró, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Ó wá ku ohun tí yóò máa yí jíà fúnra rẹ̀. General Motors ní Amẹ́ríkà kéde Hydra-Matic ní 1939, wọ́n sì tà á nínú Oldsmobile ti ọdún 1940. Earl Thompson ló ṣáájú àwọn tó ṣe é, òun kan náà tó ti kọ́kọ́ ṣe ohun tí kò jẹ́ kí jíà mánúà máa han mọ́ bí wọ́n bá ń yí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì wọ́n gbé Hydra-Matic sínú táńkì kékeré M5. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1953, iná jó ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é ní Livonia, ìpínlẹ̀ Michigan, débi pé Cadillac àti Oldsmobile ní láti yá jíà Buick lò fúngbà díẹ̀. Ẹ rí i pé láàárín ọdún mẹ́tàlá péré, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má rí i mọ́.

Ta ló wá ń pinnu nínú Hydra-Matic? Ọ́ìlì ni. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí o. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú jíà yẹn tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà tóóró sí lára bí ilé ikán, tí àwọn fáàfù kéékèèké ń sún síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀. Oríṣi ọ́ìlì méjì ló ń wọbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń bọ̀ láti ara ọ̀pá tó ń yí táyà: bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń le tó. Èkejì ń gbọ́ ti ẹsẹ̀ awakọ̀: bí ẹ bá ṣe tẹná tó lòun náà ṣe ń le tó. Àwọn méjèèjì ń jìjàkadì lórí fáàfù kan, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bí ọ́ìlì eré bá borí, fáàfù á sún, ọ̀nà tuntun á ṣí, jíà á gòkè. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń gun òkè tí ẹ sì tẹná gidi, ọ́ìlì ẹsẹ̀ yín á di fáàfù yẹn mú, jíà ò ní tètè gòkè. "Bí èyí bá ju ìyẹn lọ, ṣe báyìí." Gbólóhùn tí à ń kọ sínú kóòdù lójoojúmọ́ nìyẹn, àwọn ẹni wọ̀nyí sì fi ọ́ìlì kọ ọ́ nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà kankan láyé tó lè wọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Àléébù ibẹ̀ ni pé irin ni kóòdù náà. Bí ẹ bá fẹ́ kí jíà gòkè díẹ̀ ṣáájú bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ súpíríǹgì, tàbí kí ẹ tún fáàfù gbẹ́. Nígbà tí epo bẹntiróòlù gbówó lórí ní 1973, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ wá ń wá bí mọ́tò wọn ò ṣe ní mu epo jù, súpíríǹgì ò lè yá tó bẹ́ẹ̀.

Sólẹ́nọ́ìdì fúnra rẹ̀ ti dàgbà ju mọ́tò lọ. Ampère, ọmọ Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ ní àwọn ọdún 1820, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ọ̀pá oníhò. Bí iná mànàmáná bá gba inú wáyà rẹ̀, á di òòfà, á fa irin kékeré tó wà láàárín rẹ̀, ihò kan á sì ṣí tàbí kó dí. Bí iná bá lọ, súpíríǹgì á tì í padà. Kò mọ̀ ju nǹkan méjì yẹn lọ. Ní 1969 Renault ti gbé Renault 16 kan jáde tí ẹ̀rọ oníná ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí jíà rẹ̀ lọ́nà yìí. Toyota náà dé, nígbà tó sì fi máa di àwọn ọdún 1980, wọ́n ti ní jíà kan tí wọ́n pè ní A140E, tó wọ inú Camry tó sì wà níbẹ̀ títí di ọkọ̀ ọdún 2001. Òun la mọ̀ jù, òun la sì máa sọ.

Jíà mẹ́rin ló ní fún lílọ síwájú, sólẹ́nọ́ìdì méjì péré ló sì ń yí wọn. (Ẹ̀kẹta wà, iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀.) Ẹ pe títàn ní 1, kí ẹ pe kíkú ní 0. Jíà kìíní: 1 0. Jíà kejì: 1 1. Jíà kẹta: 0 1. Jíà kẹrin: 0 0. Ẹ tún un wò dáadáa. Láti orí ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń yí, kò sí ibi tí méjèèjì ti yí pa pọ̀. Àwa tó ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì mọ̀ ọ́n sí kóòdù Gray, orúkọ Frank Gray ti Bell Labs, ẹni tó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1953. Ní kíláàsì, ìbéèrè ìdánwò lásán ni. Nínú jíà, ó wúlò: bí méjèèjì bá ní láti yí lẹ́ẹ̀kan náà tí ọ̀kan sì pẹ́ díẹ̀, jíà á kọ́kọ́ yà síbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an.

Ẹ wá wo bí ikú wọn ṣe rí. Bí sólẹ́nọ́ìdì kìíní bá kú, 1 0 á di 0 0, ẹ ó sì fẹ́ fi jíà kẹrin gbéra. Kọ̀ǹpútà mọ̀ bẹ́ẹ̀, á yáa tan èkejì kí ẹ lè fi jíà kẹta gbéra, ọkọ̀ á máa wúwo bí ẹni tó ru sìmẹ́ńtì. Bó bá jẹ́ èkejì ló kú, ẹ ó fi jíà kìíní gbéra dáadáa, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ á fò kejì àti kẹta, ó di kẹrin. Bí méjèèjì bá kú ńkọ́? Ọwọ́ jíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ṣì ń sún fáàfù kan nínú irin ilé ikán yẹn ní tààràtà. D á fún yín ní jíà kẹrin, 2 á fún yín ní ẹ̀kẹta, L á fún yín ní jíà kìíní, ẹ ó sì délé. Wọn ò lé ọ́ìlì kúrò lórí oyè pátápátá, wọ́n kàn fi kóòdù jókòó tì í ni.

Báwo ni kíní yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen pọ̀ ní Èkó, mánúà ló sì pọ̀ jù lójú títì. Lẹ́yìn SAP ọdún 1986, ọkọ̀ tuntun di ohun tí òṣìṣẹ́ ń fojú lásán wò, ni tòkunbọ̀ bá gba ìlú, púpọ̀ nínú wọn ń gba Kùtọnu wọlé. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun la fún wọn, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ti dàgbà kí wọ́n tó dé. Camry tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti lò, ọtomátíìkì ló pọ̀ níbẹ̀. Bí mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ lórí 504 ṣe bá wáyà pàdé nínú ọ́ìlì nìyẹn.

Ìṣòro gidi wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ti mẹkáníìkì, ọ̀tọ̀ ni ti réwáyà, ọ̀gá ọ̀tọ̀ ló kọ́ wọn. Mẹkáníìkì á ní iná ni, iṣẹ́ réwáyà ni. Réwáyà á ní inú jíà ló wà, òun ò lè tú jíà. Sólẹ́nọ́ìdì bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì, odindi jíà ló sì ń gba ẹ̀bi.

Bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò dákẹ́ o. Nínú Toyota tó ṣáájú 1996, bí ẹ bá fi wáyà kékeré so TE1 mọ́ E1, iná O/D OFF iwájú awakọ̀ á máa ṣẹ́jú: ẹ̀ẹ̀mẹfà, á sinmi, ẹ̀ẹ̀mejì. 62 nìyẹn, sólẹ́nọ́ìdì kìíní. 63 ni èkejì. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1996, Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbogbo máa sọ èdè kan náà láti ojú ihò kan náà, ni 62 àti 63 bá di P0753 àti P0758.

P0758 ni Camry 1999 tí a jọ ń lò nílé sọ fún wa, ó sì ń fò láti jíà kìíní sí ẹ̀kẹrin gẹ́lẹ́ bí ìṣirò òkè yẹn ṣe wí. Wọ́n ti ní ká ra jíà. A kọ́kọ́ yọ ojú wáyà tó wọ inú jíà láti òkè, a fi téstà wọn sólẹ́nọ́ìdì kọ̀ọ̀kan sí ara irin jíà. Ó yẹ kó wà láàárín 11 sí 15 ohm. Ti àkọ́kọ́ ka 13, èkejì ò ka nǹkan kan. Ìyẹn lè jẹ́ wáyà tó já lójú ọ̀nà, ìdí nìyí tó fi yẹ ká tún un wọ̀n lára òun fúnra rẹ̀ bí a bá ti tú u. A jẹ́ kí ọkọ̀ tutù, a yọ orí bátìrì, a gbé ọkọ̀ sórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin. Ẹ má gbára lé jáàkì nìkan, ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ò ríbi sá sí. A da ọ́ìlì sínú bọ́ọ̀lù, a wọn iye tó jáde, a sì fimú gbọ́ ọ: bó bá ń rùn bí ohun tó jóná, inú jíà gan-an ti ń jẹ, sólẹ́nọ́ìdì nìkan ò lè gbà yín. Nọ́ọ̀tì nọ́ńbà 10 ló di àwo ìsàlẹ̀ mú. Òòfà wà nínú àwo yẹn. Ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára rẹ̀ kò burú, àfọ́kù irin tó ń dán ló ń bani lẹ́rù. Tiwa ò ní àfọ́kù. Lẹ́yìn asẹ́ ọ́ìlì, a rí àwọn méjèèjì lójúkojú, nọ́ọ̀tì kan àti ojú wáyà kan ló so ọ̀kọ̀ọ̀kan. A gbé èkejì sójú bátìrì, kò dún. Tuntun dún: kọ́! A dè é, a nu ohun gbogbo mọ́ tónítóní, torí yanrìn kékeré kan lè dí ọ̀nà ọ́ìlì, a pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, a da Dexron padà níwọ̀n èyí tó jáde, a sì fi ọ̀pá ìwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Jíà kejì àti ẹ̀kẹta padà dé.

Ilẹ̀kùn yẹn ti ń tì díẹ̀díẹ̀. Ní 2001 ni jíà ZF 6HP ti Jámánì dé nínú BMW 7, ọpọlọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì wà nínú ọ́ìlì pẹ̀lú sólẹ́nọ́ìdì lójú kan náà. Bí ẹ bá yọ ọ́ lára ọkọ̀ kan sí òmíràn, ẹ ní láti fi sọ́fítíwià bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gbà á. Ní oṣù kọkànlá 2012, àwọn ará Massachusetts dìbò pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ máa ta ìmọ̀ àti sọ́fítíwià àtúnṣe kan náà fún mẹkáníìkì aládàáni bíi ti àwọn tiwọn. Ní 2020 wọ́n tún dìbò láti fẹ òfin náà sí i. Ọkọ̀ ìgbà yẹn ti ń dé èbúté Èkó báyìí gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀. Òfin yẹn ò bá wọn wọkọ̀ wá, dọ́là sì ni wọ́n ń fi ta sọ́fítíwià náà fún réwáyà Múṣìn.