Ẹ Máa Gbé Wọn Lọ Sílé

Gbólóhùn kan wà tí mo sọ fún àwọn ẹbí aláìsàn láìmọye ìgbà nígbà tí mo ṣì jẹ́ nọ́ọ̀sì kékeré: "Ẹ máa gbé wọn lọ sílé." Dókítà ló ń pa á láṣẹ, ṣùgbọ́n ẹnu àwa nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ohun tó sì ń yé wọn ni pé ó ti parí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ náà n'Íbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì, ó sì ṣojú mi bí ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn ṣe yí padà.

Kí ọsibítù tó di ibi tí gbogbo ènìyàn ń sá lọ, ilé náà ni aláìsàn ń wà. Ní agboolé wa ní Òkè-Àrẹ̀mọ, nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ní egbò kan ní ọyàn tí kò jiná. Inú ìyẹ̀wù ni wọ́n tẹ́ ẹní fún wọn sí. Àwọn ìyàwó ilé pín ọjọ́ láàárín ara wọn: ẹni tó wẹ̀ wọ́n lánàá kọ́ ni yóò wẹ̀ wọ́n lónìí. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ dúdú, kànhìnkànhìn tí wọ́n ti fọwọ́ ra títí ó fi rọ̀. Lẹ́yìn ìwẹ̀, wọ́n á yọ́ òrí sórí iná, wọ́n á fi pa ẹ̀yìn àti ìbàdí wọn kí ara má baà bó níbi tí wọ́n fi ń dùbúlẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ egbò nítorí aṣọ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Èmi ni wọ́n ń rán lọ já ewé náà. Kò sí òru kan tí wọ́n dá Ìyá Àgbà sùn.

Mi ò ní sọ pé gbogbo aláìsàn ni ayé àtijọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ tọ́jú o. Ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá mú, tàbí adẹ́tẹ̀, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ. Ìtọ́jú tiwa náà sì ní ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Lóru, a máa ń gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà. Àgbo kò ká ìrora náà, ásípírìn tí bàbá mi ń rà kò ká a. Ìyá mi á ní kí àwa ọmọdé fi aṣọ bo orí. Ọwọ́ tó ń tọ́jú pọ̀ nínú ilé yẹn, ṣùgbọ́n oògùn tó lè pa irú ìrora bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ọsibítù UCH, tí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn mọ̀ sí Oríta-Mẹ́fà. Ọdún náà gan-an ni obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Cicely Saunders, gba ìwé ẹ̀rí dókítà. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n tí wọ́n fi kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí a má ṣe dúró dìgbà tí aláìsàn bá ké kí a tó fún un ní mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára: kí a máa fún un ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kí ìrora tó padà dé. Ní 1967 wọ́n ṣí St Christopher's Hospice, ilé ìtọ́jú fún àwọn tí àìsàn wọn kò ní ìwòsàn mọ́, nígbà tó sì di 1969, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti ń lọ bá aláìsàn nílé.

Ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù jìn sí wọ́ọ̀dù tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mọ́fíìnì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ méjì tì, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba gbogbo wa pé yóò di bárakú fún aláìsàn. Mo rántí àgbẹ̀ kan láti Òkè-Ògùn tí jẹjẹrẹ ti wọ egungun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ, ogún hóró párásítámọ̀ ni mo kà sọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ọkọ̀ akérò ni wọ́n wọ̀, gbogbo kòtò ojú títì ni yóò máa bá a nínú egungun. Kò sí ẹni tó tẹ̀lé wọn dé ilé. Èmi ni mo ka hóró náà. Títí di òní, ó ń dùn mí.

Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìlànà kan jáde lórí ìrora jẹjẹrẹ: kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí oògùn fẹ́ẹ́rẹ́ bíi párásítámọ̀, kí a máa gòkè díẹ̀díẹ̀ dé orí mọ́fíìnì, kó sì jẹ́ èyí tí a ń gbé mì. Èyí tí a ń gbé mì yẹn ló yí ọ̀rọ̀ padà, nítorí ilé kò ní ẹni tí yóò máa gún abẹ́rẹ́ lóru, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò ní ṣíbí.

Ẹni tó gbé e wọ àárín àwa aláwọ̀ dúdú jù lọ ni Anne Merriman, dókítà ọmọ Liverpool tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà láwọn ọdún 1960 nígbà tí wọ́n jẹ́ sísítà ìjọ Kátólíìkì. Ní 1993 wọ́n dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀ ní Kampala. Ẹ̀tù mọ́fíìnì ni wọ́n ń pò mọ́ omi, wọ́n á fi àwọ̀ sí i kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í lò: aláwọ̀ ewé ni èyí tí kò le, pupa ni èyí tó le. Nítorí pé mọ́fíìnì máa ń mú kí ìgbẹ́ le, wọ́n ń kọ́ ẹbí láti sá hóró ìbẹ́pẹ kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ fún aláìsàn. Láti 2004, òfin Uganda gba nọ́ọ̀sì tó kọ́ iṣẹ́ yìí láyè láti kọ mọ́fíìnì fúnra rẹ̀. Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn yẹn ni mo rántí nígbà tí mo gbọ́ ọ.

N'Íbàdàn tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò, tí iṣẹ́ wọn ní UCH jẹ́ kíkun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, wà lára àwọn tó ṣíwájú nínú iṣẹ́ yìí. Ilé ìkóògùnsí ìjọba ní Òṣòdì, l'Ékòó, ni ẹ̀tù mọ́fíìnì ti ń wá nígbà náà, àwọn apòògùn ọsibítù á sì pò ó. Ìgbà tí mo dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń lọ bá aláìsàn nílé, ohun tó wà nínú báàgì mi kò ju ìbọ̀wọ́, bándéèjì, ìgò mọ́fíìnì àti hóró metronidazole lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹbí máa ń pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ má pe orúkọ àìsàn náà létí wọn o." Mi ò bá wọn jà rí. Tí mo bá wọlé, màá béèrè lọ́wọ́ aláìsàn ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀, èyí tó pọ̀ jù ló sì ti mọ̀ tipẹ́.

Ọwọ́ tó pọ̀ nílé Ìyá Àgbà ti tán báyìí. Ní Mọ́níyà, ìyá kan tí irú egbò yẹn gan-an wà ní ọyàn wọn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló wà lọ́dọ̀ wọn, aláṣọ ni, ó sì ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Òun ni mo kọ́kọ́ bi pé ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn. Wọ́n ń fín tùràrí nítorí òórùn egbò. Ẹnu ọ̀nà ni ọmọkùnrin tó ti Èkó wá dúró sí. Mo fi ìdí ife lọ metronidazole kúnná, mo wọ́n ọn sójú egbò kí òórùn náà lè dín kù, mo kọ́ ọmọbìnrin náà bí yóò ṣe máa ṣe é. Mo fi ṣíbí wọn mọ́fíìnì, mo kọ wákàtí rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà, títí kan ti òru, mo sì fi nọ́ńbà mi sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ọmọkùnrin náà ti ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́fíìnì ni fóònù mi dún, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ọmọbìnrin náà ń sunkún: ìyá òun kò dáhùn, láti àná ni wọn kò ti ké. Mo ní kó gbé ọwọ́ sí imú wọn. Ó ní èémí ń lọ. Mo ní kó gbọn wọ́n léjìká jẹ́jẹ́, kó pè wọ́n. Mo gbọ́ ohùn ìyá náà nínú fóònù, wọ́n ń béèrè kí ló dé tó fi ń jí àwọn.