Bátìrì lithium inú ínfátà: èwo ló dáa nínú ilé?

Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó jẹnẹrétọ̀ ti ń dá ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù lágara ní Amukoko. Sólà àti ínfátà ló kù, bátìrì lithium sì ni wọ́n ń polówó. Ṣùgbọ́n lithium kì í ṣe ẹyọ kan o.

Ti fóònù àti láàpútọ́ọ̀pù sábà máa ń ní kóbáàtì. John Goodenough àti ikọ̀ rẹ̀ ló gbé e jáde ní Oxford ní 1980. Bó bá gbóná jù, ó ń tú ọ́síjìn sílẹ̀, ìyẹn ni iná ọ̀hún fi máa ń ṣòro pa. Ní 1997, Goodenough yìí náà, ní Yunifásítì Texas, tún gbé LiFePO4 jáde, irin àti fọ́sífétì ni wọ́n fi ṣe é. Fọ́sífétì di ọ́síjìn yẹn mú pinpin. Ó wọ́n ju bátìrì olómi lọ lóòótọ́, àmọ́ èèyàn lè ṣáàjì rẹ̀ ju ìgbà 2,000 lọ.

Ewu ibẹ̀ ni bátìrì láàpútọ́ọ̀pù àlòkù tí àwọn kan ń dì pọ̀ tà fún ínfátà. Nínú ilé “face-me-I-face-you”, iná yàrá kan, iná gbogbo ilé ni. Kí ẹni tó fẹ́ rà wo ara bátìrì: 12.8V ni ti LiFePO4 kékeré, 11.1V tàbí 14.8V, ti láàpútọ́ọ̀pù nìyẹn.