Ta Ni Yóò Bá Màlúù Lé Eṣinṣin?

Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Nígbà tí aláìlẹ́nìkan bá rí oore gbà níbi tí kò fọkàn sí ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí, bí ẹni ń dúpẹ́, bí ẹni ń tu ni nínú. Bó ṣe yẹ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà dúró yẹ̀ wò: a kì í lé eṣinṣin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá lé e kúrò lójú egbò, ẹ̀yìn ni yóò bà sí, yóò máa retí kí ọwọ́ ó rẹ ẹni tó ń lé e. Ẹni tó bá gbà láti bá màlúù lé eṣinṣin ti gba iṣẹ́ àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ owó ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn.

Ẹ jẹ́ ká wo rinderpest, àrùn màlúù tó burú jù lọ tí Áfíríkà rí. Ní nǹkan bí ọdún 1887 ló bá màlúù tí àwọn ará Ítálì kó wá wọ Ẹritríà, kò sì ju bí ọdún 10 lọ tó fi dé ìsàlẹ̀ gúúsù Áfíríkà. Ibà ni yóò kọ́kọ́ mú ẹran, ojú àti imú rẹ̀ á máa ṣomi, egbò á kún ẹnu rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti kú. Ní Etiópíà, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú màlúù mẹ́wàá ló bá a lọ. Kò sí èyí tí yóò fa ohun ìtúlẹ̀ mọ́, ìyàn sì pa ènìyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ìrù màlúù wọ̀nyẹn pé, ṣùgbọ́n èyí kọjá ohun tí ìrù lè lé.

Walter Plowright, dókítà ẹranko ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà àti Nàìjíríà, ló rí ọgbọ́n gidi dá sí i. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wà ṣáájú tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń ti ara ewúrẹ́ ṣe máa ń dá àwọn irú màlúù kan wólẹ̀. Ní Muguga, lẹ́bàá Nairobi, òun àti R. D. Ferris gbin fáírọ́ọ̀sì náà sínú sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọmọ màlúù, wọ́n ń gbé e láti inú ìgò kan sí òmíràn tó nǹkan bí ìgbà 90, títí oró rẹ̀ fi rọ̀ tí kò lè pa màlúù mọ́, tó sì tún ń kọ́ ara màlúù láti jà. Dókítà tó ń sáré láti agbo kan dé òmíràn kò lè fi èyí ṣe iṣẹ́ àfipawọ́. Ó ń fẹ́ iná tí kì í kú, ẹni tí yóò tọ́jú sẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ ìsinmi, àti màlúù tí wọn yóò gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó fi àrùn gidi dán an wò. Owó ìjọba ló gbé bùkátà náà.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ohun tí Plowright ṣe lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti jẹ́. Ó ń tọ́jú màlúù tó ti gba abẹ́rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún níbi tí àrùn náà kò sí, kó lè mọ̀ bóyá ààbò ṣì wà lára wọn. Ẹ wo irú owó tí èyí ń béèrè: à ń bọ́ ẹran, à ń sanwó olùtọ́jú, ohun tí a sì ń retí ni pé kí nǹkan kan má ṣe wọ́n. Oníṣòwò wo ni yóò yá ni lówó bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀, bí ó ṣe hàn pé abẹ́rẹ́ kan lè bá màlúù dọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ènìyàn lè máa ronú àtipa àrùn náà rẹ́ láyé. Wọ́n fún Plowright ní World Food Prize ní 1999.

Ní 1962 ni ètò àjùmọ̀ṣe láti lé rinderpest, tí wọ́n pè ní JP15, bẹ̀rẹ̀ lágbègbè adágún Chad, pẹ̀lú owó láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Títí di 1976, wọ́n gún màlúù lábẹ́rẹ́ ní orílẹ̀-èdè 22, àrùn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwátì. Ni owó bá dáwọ́ dúró, ni ojú bá kúrò lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ku díẹ̀ ní ẹnubodè Mali àti Mauritania, ó ku díẹ̀ níhà Sudan àti Etiópíà. Láti inú ìwọ̀nba yẹn ló ti tún jáde. Nígbà tó fi máa di 1983, ó ti dé Nàìjíríà, ó sì pa màlúù àwọn Fúlàní darandaran nípakúpa. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀, nítorí àìmọ̀ kọ́ ló fa ikú màlúù wọ̀nyẹn. Ọgbọ́n ti wà nílẹ̀; àwọn tó ń sanwó ló tètè lọ sinmi.

Ìṣòro tó kù ni ooru. Abẹ́rẹ́ Plowright kò gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù, bẹ́ẹ̀ ibi tí àrùn náà sá sí kò níná, kò lọ́nà mọ́tò. Jeffrey Mariner, dókítà ẹranko ní yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà, fi owó ìrànwọ́ ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ wá ọ̀nà láti gbẹ abẹ́rẹ́ náà tó fi lè wà níta fíríìjì fún bí oṣù kan. Kò ṣe abẹ́rẹ́ tuntun. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ ẹ́ ló tún ṣe. Irú iṣẹ́ tí kò ní ariwo báyìí ni àwọn tó ń pín owó máa ń fojú fò dá, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí wọ́n lè kọ́ àwọn darandaran fúnra wọn, ní Karamoja, ní Afar àti ní gúúsù Sudan, láti máa gún màlúù wọn. Ara ẹfọ̀n ní ọgbà ẹranko Meru ní Kẹ́ńyà ni wọ́n ti rí àrùn náà kẹ́yìn ní 2001. Ní 2011 wọ́n kéde pé ó ti tán láyé. Yàtọ̀ sí ṣànpọ̀nná, kò sí àrùn mìíràn tí ọmọ aráyé tíì ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Àbúrò rẹ̀ ṣì wà nínú agbo wa: PPR, tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn. Nigeria 75/1 ni orúkọ fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, nítorí Nàìjíríà ni wọ́n ti rí i ní 1975; W. P. Taylor àti A. Abegunde sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1979. Adama Diallo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá sọ ọ́ di abẹ́rẹ́. Ọdún 2030 ni àwọn àjọ àgbáyé dá pé àrùn yìí náà yóò tán.

Abẹ́rẹ́ wà, a mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń fẹ́ owó báyìí ni títọpa ẹran: ibi tí ewúrẹ́ ọjà ti wá, ibi tí àgùntàn Iléyá gbà kọjá, agbo tí abẹ́rẹ́ kò dé rí. Dókítà ẹranko ní Vom tàbí ní Ìbàdàn tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ máa padà lọ gba ẹ̀jẹ̀ nínú agbo kan náà lọ́dọọdún, àti lọ́dún tí ewúrẹ́ ń kú, àti lọ́dún tí ẹyọ kan kò wúkọ́. Owó ọdún tí ẹyọ kan kò wúkọ́ yẹn ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.