Ariwo Ẹni Tí Ọkọ̀ Já Kulẹ̀

A kí ẹ̀yin ará Tápà, a sì kí gbogbo Ìbàràpá, ìlú méje: Igbó-Ọrà, Eruwa, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Igangan. Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lálẹ́ òní ni ti ẹni tí ó fi owó iyebíye ra ọkọ̀, tí ọkọ̀ já a kulẹ̀, tí ẹni tí ó tà á fún un kò sì dá a lóhùn. Kí ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe? Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Láyé àwọn bàbá wa, ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro í dá. Bí ènìyàn bá ra ẹ̀gúsí lọ́jà, tí ó délé tí ó bá iyanrìn nínú rẹ̀, ó mọ ẹni tí ó tà á. Ọjà ní olórí. Àwọn tí ń ta ọjà kan náà ní ẹgbẹ́ àti ìyá ẹgbẹ́. Ẹjọ́ kì í rìn jìnnà kí ó tó kan ẹni tí yóò parí rẹ̀. Bí òǹtajà bá ṣagídí, ìtìjú yóò mú un, nítorí ojú kan náà ni yóò tún fi wo oníbàárà rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà mìíràn.

Mọ́tò ni ó ya òǹtajà àti òǹrajà jìnnà síra wọn. Reluwé tí ó ti Èkó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901 kò ya Ìbàràpá. Ní nǹkan bí 1906 ni ìjọba la òpópónà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ìyẹn náà kò kàn wá. Nítorí náà, nígbà tí mọ́tò dé ọ̀dọ̀ wa, òun ni ó gba ẹrù kúrò lórí àgbẹ̀. Bí bọ́lẹ̀kájà bá kú sójú ọ̀nà, ẹrù oko lè bàjẹ́ lójú olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà wà. Ta ni a ó ké sí?

Ní 1975, ó dàbí ẹni pé ìdáhùn dé. Ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná. Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ní ojú ọ̀nà Badagry. Leyland tẹ̀lé wọn ní Ìbàdàn. Owó Udoji ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọdún náà, olùkọ́ àti akọ̀wé sì ń wa Volkswagen kékeré tí à ń pè ní ìjàpá. Síbẹ̀, ìlú ńlá ni àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ jókòó sí. Mẹkáníìkì abẹ́ igi ni ó sún mọ́ onímọ́tò ìgbèríko, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún un nígbà tí ó ra ọkọ̀ sì di ohun tí a ń tọ́jú sínú àpótí.

Nígbà tí ètò SAP dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di àwòmọ́jú. Tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yíjú sí. Ẹni tí ó ra tòkúnbọ̀ kì í sábà ní ìwé ẹ̀rí kankan. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́la, wọn a ní bí ó ṣe rí i ni ó rà á. Ibi tí a ti pàdánù ẹni tí a lè pè lẹ́jọ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo òkèèrè wò. Ní 2019, ní ìlú Xi'an ní Ṣáínà, obìnrin kan ra Mercedes ní owó yuan 660,000. Epo ẹ̀rọ ti ń jò kí ó tó wà á kúrò ní ọgbà àwọn tí ó tà á. Ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ní àwọn yóò pààrọ̀. Obìnrin náà gun orí ọkọ̀, ó jókòó, ó sọkún. Àwòrán rẹ̀ tàn ká orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n bá a parí ọ̀rọ̀, ìjọba sì bu owó ìtanràn yuan 1,000,000 lé àwọn òǹtajà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé gbogbo ariwo ni ó ń so èso rere. Ní 2021, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Shanghai, obìnrin mìíràn gun orí ọkọ̀ Tesla, ó ń kígbe pé bíréèkì ọkọ̀ òun kò mú. Àtìmọ́lé ọjọ́ márùn-ún ni ó bá a lọ. Ariwo a máa pe ènìyàn jọ; kì í ṣe ẹ̀rí.

Nílé wa níhìn-ín, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí láti òkè òkun. Àwọn onímọ́tò ké pé ẹ̀rọ ọkọ̀ àwọn bàjẹ́. Ariwo náà dé etí ìjọba. Wọ́n kó epo náà kúrò, ó sì di ọ̀wọ́n gógó. Ṣùgbọ́n kíkó epo kúrò kò tún ẹ̀rọ tí ó ti bàjẹ́ ṣe.

Òfin wà. Òfin 66 ti 1992 dá ìgbìmọ̀ tí ń dáàbò bo òǹrajà sílẹ̀. Òfin ọdún 2018 sì fi àjọ FCCPC rọ́pò rẹ̀. Ó ní òǹrajà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tí ó dára, tí kò léwu, àti iṣẹ́ tí a ṣe dáadáa. Àyè sì wà láti dá ọjà tí kò dára padà. Òfin tí àwọn òǹrajà kò mọ̀, bí ẹni pé kò sí ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá ra ọkọ̀, tàbí tí ẹ gbé e fún ẹni tí yóò tún un ṣe, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó bàjẹ́ sílẹ̀ àti ohun tí wọ́n sọ fún yín. Kí ẹ tó kígbe, ẹ wá ẹlòmíràn tí irú rẹ̀ ṣe, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn bàbá wa kò gun orí ọjà sunkún. Wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n sì ní ibi tí ẹjọ́ ń dé. Ohun tí mọ́tò gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn, òun sì ni ó yẹ kí a gbà padà.