Iṣẹ́ Ò Sí, Iṣẹ́ Ò Lọ

Ní ìparí 2020, Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sọ pé ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wáṣẹ́ ni kò níṣẹ́. Nígbà tó di oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2023, ó ní ìdá 4.1 ni. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ya dé lójijì. Ọ̀nà ìkàyè ni wọ́n yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni. Ní báyìí tí wọ́n ti tẹ̀lé ìlànà àgbáyé, ẹni tó bá fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó tàbí iṣẹ́ èrè láàárín ọ̀sẹ̀ ti bọ́ sínú òǹkà àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́.

Bí òǹkàròyìn bá wá sọ lórí rédíò pé “àìríṣẹ́ṣe ti dínkù”, gírámà rẹ̀ péye, ṣùgbọ́n ó ti ṣi olùgbọ́ lọ́nà.

Ẹ wo Ògbómọ̀ṣọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló dá LAUTECH, yunifásítì tó wà níbẹ̀, sílẹ̀ ní 1990, òun àti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló sì wá jọ ni ín títí Ọ̀yọ́ fi dá gbà á ní 2020. Láàárín 2016 sí 2017, ìjọba méjèèjì kò san owó tó yẹ, àwọn òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì, yunifásítì sì wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Orúkọ olùkọ́ ṣì wà nínú ìwé owó oṣù. Ta ló ní orúkọ olóúnjẹ tó wà ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lákọsílẹ̀, tàbí ti ọlọ́kadà tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́? Àwọn yẹn kò sọ pé àwọn ò níṣẹ́. “Iṣẹ́ ò lọ” ni wọ́n ń sọ.

Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ó yẹ kí àwa tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ti ya “iṣẹ́ ò sí” sọ́tọ̀ kúrò lára “iṣẹ́ ò lọ” kí onímọ̀ ìṣirò tó dé. Kí àìríṣẹ́ṣe dúró fún ti àkọ́kọ́. Kí a pe èkejì ní àìlọṣẹ́: ti ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì ṣe tán láti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí kò rí i ṣe tó. Ìdá 12.2 ni àjọ náà kà sábẹ́ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ìlọ́po mẹ́ta ti àìríṣẹ́ṣe.

Èyí tó le jù láti sọ lórúkọ ni iṣẹ́ tí ìjọba kò kọ sínú ìwé kankan. Ìdá 92.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó níṣẹ́ ló wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Àwọn kan ń pè é ní “iṣẹ́ tí kò bófin mu”. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, ìwọ̀sí ni. Ẹni tó ń fín igbá nílùú Ọ̀yọ́ kò rú òfin kankan. Télọ̀ tó kọ́ṣẹ́, tó gba fíríìdọ̀mù níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ní ọ̀gá, ó ní ìlànà, ó ń san owó ẹgbẹ́. Ohun tí kò ní ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì. Kí a pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ àìkọsíwèé, nítorí orúkọ yẹn fi hàn pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ̀wé ni àìtó wà.

Àwọn oníwèé ìròyìn ti fi ọ̀nà hàn wá. Wọn kò jókòó ti atúmọ̀ èdè kí wọ́n tó rí “ìwé gbélé-ẹ” fún ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́, tàbí “lọọ rọ́kún nílé” fún ẹni tí wọ́n ní kó dúró ná. Gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ, gbogbo ìlú ló sì gbà á.

Bí wọ́n bá tún mẹ́nu kan ìṣirò ìbẹ̀rẹ̀ 2023 yẹn, báyìí ni mo fẹ́ kí wọ́n kà á fún ará Ògbómọ̀ṣọ́: “Àwọn tí iṣẹ́ ò sí fún rárá kò pọ̀ nínú òǹkà tuntun, nítorí wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àwọn tí iṣẹ́ ò lọ fún fi ìlọ́po mẹ́ta jù wọ́n lọ, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni ìwé ìjọba kò mọ̀.”