Àpòòwé tí Dókítà Ò Gbọdọ̀ Yọjú Wò

Lọ́dún 1946, ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣì ń pa ọ̀dọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àìsàn náà bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, ìtọ́jú ò ju kí wọ́n tẹ́ni náà sórí bẹ́ẹ̀dì kó máa sinmi. Òògùn tuntun kan ti wà ní Amẹ́ríkà, streptomycin, tí Albert Schatz àti Selman Waksman rí lọ́dún 1943 lára kòkòrò àìfojúrí inú iyẹ̀pẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun ti gbọ́n àpò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbẹ, kò sì sí dọ́là tí wọ́n máa fi ra èyí tó máa kárí.

Àìtó yìí gan-an ló ṣínà. Bí òògùn bá pọ̀, ta ló máa gbójúgbóyà fi du aláìsàn? Bó ṣe jẹ́ ìwọ̀nba, Medical Research Council, àjọ tó ń rí sí ìwádìí ìṣègùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n kúkú fi dán nǹkan wò dáadáa.

Ó tọ́ kí wọ́n ṣọ́ra. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń gún aláìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní abẹ́rẹ́ tí góòlù wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń yìn ín. Ní Michigan, l'Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Amberson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín aláìsàn 24 sọ́nà méjì, wọ́n wá ju owó ẹyọ sókè láti mọ apá tó máa gba abẹ́rẹ́. Nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1931, abẹ́rẹ́ náà ò wo ẹnikẹ́ni sàn, ńṣe ló tún ń ni wọ́n lára.

Austin Bradford Hill, tó ṣètò ìdánwò streptomycin, kì í ṣe dókítà. Oníṣirò ni. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó kọlù ú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni kò jẹ́ kó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wù ú. Ó mọ̀ pé bó ti wù kí dókítà jẹ́ olóòótọ́ tó, àánú lè mú un ti ẹni tó wù ú síhà òògùn. Ló bá fi nọ́ńbà tí ò tẹ̀lé ètò kankan ṣẹ́ kèké fún olúkúlùkù, ó fi àbájáde rẹ̀ sínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Ó dìgbà tí ìgbìmọ̀ tó ń yan aláìsàn bá gbà pé ẹnì kan yẹ fún ìdánwò náà kí wọ́n tó ya àpòòwé rẹ̀. Lójú tiwa, àpòòwé yẹn wúlò ju òògùn náà lọ.

Àwọn tó ń wo àwòrán X-ray ò mọ ẹni tó gba òògùn. Àwọn tí ò gbà á ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà nínú ìdánwò, ohun tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ gbà lónìí.

Èsì jáde nínú British Medical Journal lóṣù Kẹwàá 1948. Láàárín oṣù mẹ́fà, 4 kú nínú àwọn 55 tó gba òògùn, 14 sì kú nínú àwọn 52 tó kàn ń sinmi. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ ò pẹ́ mọ bó ṣe máa borí òògùn. Nígbà tó fi máa pé ọdún márùn-ún, 32 ti lọ nínú àwọn tó gbà á, 35 nínú àwọn yòókù. Ìdánwò mìíràn tí wọ́n tún fi kèké ṣe ló fi hàn pé, bí wọ́n bá lo òògùn kejì, PAS, pẹ̀lú streptomycin, kòkòrò náà kì í tètè borí wọn.